Ọkọ Ni Í Kó Ẹrù Wá: Ilé àti Ilẹ̀ Obìnrin ní Ìletò Minangkabau

Ní ibi púpọ̀ láyé, obìnrin ni í kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé baba rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Òun ni í kọ́ orúkọ àwọn ará ilé tuntun, òun ni í wá igun tí yóò gbé ìkòkò tirẹ̀ sí, òun náà ni ọ̀rọ̀ sì máa ń kò lójú lọ́jọ́ tí ìjà bá dé tí ẹnì kan bá bi í pé ta ni ó ni ilé. Ìbéèrè náà kì í ṣe kékeré lójú ẹni tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ̀yin ìyàwó ilé bá mi fi ojú inú rìn dé erékùṣù Sumatra ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà, lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn kan tí ọ̀rọ̀ yìí yí padà láàárín wọn. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọkùnrin ni í kó ẹrù wá, obìnrin ni í jókòó sílé.

Minangkabau ni orúkọ wọn. Ìwọ̀-oòrùn Sumatra ni wọ́n wà, ní ìpínlẹ̀ tí ìjọba ń pè ní Sumatera Barat, tí Padang jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Indonéṣíà ní ọdún 2010, àwọn Minangkabau lé ní mílíọ̀nù 6. Mùsùlùmí ni wọ́n, Mùsùlùmí tí kì í fi ẹ̀sìn ṣeré, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti ń ka ìran. Ìdílé ìyá ni ọmọ ń jẹ́, ilẹ̀ ìyá ni ó ń jogún, ilé ìyá ni ó sì ń pè ní ilé. Nínú gbogbo ẹ̀yà tí ń tọ ipa ìyá báyìí láyé, àwọn ni àwọn onímọ̀ kà sí èyí tí ó pọ̀ jù lọ.

Nagari ni wọ́n ń pe ìletò wọn. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, ibùdó kan kò tíì di nagari bí kò bá ní ìdílé mẹ́rin, ó kéré tán, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní olórí tirẹ̀. Òfin ìjọba kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1979 pa ètò yìí rẹ́, ó sì gé àwọn nagari sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n lè bá ìletò erékùṣù Java dọ́gba. Ní ọdún 1983 ni wọ́n fi òfin náà múlẹ̀ ní Sumatera Barat. Inú àwọn àgbà kò dùn sí i rárá, nígbà tí ó sì di ọdún 2000, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin tirẹ̀, ó dá nagari padà.

Ẹ jẹ́ kí a mú Nagari Sijunjung ṣe àpẹẹrẹ. Níbẹ̀, àwọn ilé ńlá ìdílé tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ́tùn-ún àti lósì, wọ́n sì lé ní àádọ́rin. Ní ọdún 2015 orúkọ ibẹ̀ wọ inú ìwé àwọn ibi tí Indonéṣíà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Rumah gadang ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ilé ńlá. Ilé pákó gígùn ni, orí òpó ni ó dúró sí, etí òrùlé rẹ̀ sì ròkè ṣónṣó bí ìwo ẹfọ̀n. Láyé àtijọ́, fọ́nrán dúdú kan tí ó dà bí irun, tí wọ́n ń gé lára irú igi ọ̀pẹ kan, ni wọ́n fi ń bo òrùlé náà. Lónìí, páànù ni ó wà lórí púpọ̀ nínú wọn.

Bí wọ́n ṣe pín inú ilé náà ni ó wù mí jù, nítorí iṣẹ́ mi ni láti máa kọ́ni bí a ṣe ń to ilé. Ìdajì tí ó wà níwájú jẹ́ gbọ̀ngàn gbogboogbò, ibi àsè àti ibi ìpàdé. Ìdajì ẹ̀yìn ni yàrá wà, yàrá kan fún obìnrin kan tí ó ti lọ́kọ. Ọkùnrin ilé kò ní yàrá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà: ọmọkùnrin kò ní yàrá nílé ìyá tí ó bí i. Láyé àtijọ́, bí ó bá ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún 7, surau ni ó ń lọ sùn, èyíinì ni ilé ìkírun kékeré tí wọ́n ti ń kọ́ Kùránì. Bí ó bá gbéyàwó, yàrá ìyàwó rẹ̀ ni ó ń sùn. Bí ìyàwó náà bá kú, tàbí tí wọ́n bá kọ ara wọn, surau ni ó tún padà sí. Ìyàwó tuntun ni wọ́n ń fún ní yàrá ìpẹ̀kun. Bí àbúrò rẹ̀ obìnrin bá tún gbéyàwó, yóò ṣí síwájú sí yàrá tí ó tẹ̀lé e, títí tí ìyá arúgbó yóò fi wà nítòsí ilé ìdáná pẹ̀lú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́.

Níwájú ilé ni àká ìrẹsì wà. Wọn kì í kó gbogbo ìrẹsì pọ̀ sójú kan. Èyí tí wọn yóò máa sè lójoojúmọ́ ní àká tirẹ̀; èyí tí wọn yóò tà láti ra ohun tí ilé nílò ní tirẹ̀; òmíràn sì wà fún ọjọ́ ìyàn àti fún aláìní tí ó bá yà wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń pín owó oṣù sínú àpòòwé mẹ́ta mẹ́rin kí ó má baà tán láìtọ́jọ́, ẹ ó rí i pé ọgbọ́n yín kì í ṣe tuntun.

Wàyí o, báwo ni ọkọ ṣe ń dé ilé yìí? Àwọn ẹbí obìnrin ni í rán ènìyàn lọ bẹ àwọn ẹbí ọkùnrin. Ní agbègbè Pariaman tí ó wà létí òkun, wọ́n tilẹ̀ ń san owó láti fi gba ọkọ, iye owó náà sì máa ń wo ipò àti ìwé tí ọkùnrin náà kà. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan nínú yín yóò bàjẹ́ sí èyí, bí ó ti ń bàjẹ́ nígbà tí àwọn òbí bá ń náwó ìdána lé ọmọbìnrin lórí bí ẹni ń ta ọjà. Àléébù kan náà ni, apá kejì ni ó kàn bọ́ sí. Bí ọkọ bá ti wọlé, àlejò pàtàkì ni. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń fi í wé eérú tí ó wà lórí kùkùté igi: bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, ó ti lọ. Ojúṣe rẹ̀ sí ìdílé ìyá rẹ̀ kò sì tán. Òun ni ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá fún àwọn ọmọ arábìnrin rẹ̀, mamak ni wọn yóò máa pè é, òun ni yóò sì dúró fún wọn lórí ẹ̀kọ́, ìgbéyàwó àti ọ̀ràn ilẹ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo ń fi ẹsẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ ọmọ tirẹ̀, ó sì ń fi ìkejì wà lọ́dọ̀ ọmọ arábìnrin rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Oríṣi ohun ìní méjì ni wọ́n ní. Èkínní ni ogún àgbà, tí wọ́n ń pè ní harta pusaka tinggi: ilé ńlá náà, oko ìrẹsì inú omi, ilẹ̀ gbígbẹ, adágún ẹja. Ogún yìí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ti gbogbo àwọn tí wọ́n ti ara ìyá ńlá kan ṣoṣo wá ni, láti ọwọ́ ìyá dé ọwọ́ ọmọbìnrin, wọn kò sì gbọdọ̀ tà á. Èkejì ni ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní, àti èyí tí tọkọtaya jọ kó jọ.

Bí ìṣòro bá le, wọ́n lè fi ilẹ̀ ogún àgbà dógò, kí wọ́n sì gbà á padà lọ́jọ́ iwájú. Nǹkan mẹ́rin péré ni àṣà gbà láyè fún èyí: bí òkú bá wà nílẹ̀ tí kò sí owó láti sin ín, bí ọmọbìnrin bá ti dàgbà tí kò sí owó láti fi gbé e níyàwó, bí òrùlé ilé ńlá bá ń jò, àti bí oyè ìdílé bá ti ṣófo tí wọn kò rí owó láti fi jẹ ẹ́ padà. Ẹ wo àwọn mẹ́rin náà dáadáa. Kò sí owó òwò níbẹ̀, kò sí owó mọ́tò, kò sí gbèsè tẹ́tẹ́ ọmọkùnrin kankan. Bí gbogbo ẹbí kò bá sì fi ohùn ṣọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ṣeé ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ìyàwó ọlọ́mọ méjì kan níbẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹkún yóò wà, ìtìjú lè wà. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, orí ibùsùn rẹ̀ ni yóò sùn sí, ìkòkò rẹ̀ yóò wà lórí ààrò kan náà, ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀ yóò wà láyìíká rẹ̀, oko ìrẹsì tí ó ń bọ́ àwọn ọmọ kò sì ní bá ọkọ lọ. Kò sí ẹni tí yóò wá sọ fún un pé ìdílé fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́. Ohun tí opó púpọ̀ lọ́dọ̀ wa kò ní nìyí. Ọmọbìnrin Yorùbá ń bá arákùnrin rẹ̀ pín ogún baba wọn, ṣùgbọ́n àṣà ìbílẹ̀ kò fi ìyàwó sára àwọn tí ń jogún ọkọ.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Peggy Reeves Sanday, kọ ìwé nípa wọn ní ọdún 2002, ó sì sọ níbẹ̀ pé ìjọba ìyá ni ìgbé ayé wọn. Ó ní ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé àgbà obìnrin, tí wọ́n ń pè ní bundo kanduang, ní àṣẹ púpọ̀ nínú ilé, kò sì sí àsè tàbí ìgbéyàwó tí ó lè wáyé láìgbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni í jẹ oyè penghulu, ọkùnrin ni í jókòó nínú ìgbìmọ̀ nagari láti dájọ́ ilẹ̀, mamak tí ó dàgbà jù ni ó sì ń fi ọwọ́ síwèé lórúkọ gbogbo ẹbí. Obìnrin ni ó ni ilẹ̀. Ọkùnrin ni ó di ìwé ilẹ̀ mú. Bí mamak bá jẹ́ olóòótọ́, kò sí wàhálà. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ilé ẹjọ́ ni wọn yóò máa tọ̀.

Àwọn onísìn náà ti bá àṣà yìí jà rí. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Sheikh Ahmad Khatib, ọmọ Minangkabau tí ó di ìmáàmù ní Mẹ́kà, kọ̀wé pé jíjogún láti ọwọ́ ìyá lòdì sí òfin Ìsìláàmù, ó sì fi ìbínú rẹ̀ hàn púpọ̀. Kò padà sílé mọ́ títí ó fi kú. Ìjà náà rọlẹ̀ ní ọdún 1952, nígbà tí àwọn olóyè, àwọn àlùfáà àti àwọn ọ̀mọ̀wé pàdé ní Bukittinggi. Wọ́n fẹnu kò pé kí ogún àgbà máa tọ ọ̀nà ìyá gẹ́gẹ́ bí àṣà, kí ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ní sì tẹ̀lé ìlànà ogún Ìsìláàmù. Ní ọdún 1968, ìpàdé mìíràn ní Padang tún fi òǹtẹ̀ lù ú. Èmi kà á sí ìpinnu ọlọ́gbọ́n, nítorí pé kò lé ìyá jáde, kò sì gba ọmọ lọ́wọ́ baba.

Kí ni wọ́n ń jẹ, kí ni wọ́n ń tà? Ìrẹsì ni àkọ́kọ́. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá pọ̀ lè fún ẹlòmíràn dá oko kí wọ́n sì pín èrè. Ní ẹ̀bá òkè, wọ́n ń gbin igi tí wọ́n ń bó èèpo rẹ̀ fún oorun dídùn nínú oúnjẹ, ní Lima Puluh Kota wọ́n ń se ewé gambir, tí àwọn aláró àti àwọn tí ń pa awọ ń rà, ní ibòmíràn rọ́bà ni. Nídìí aṣọ híhun, ìlú Pandai Sikek lókìkí fún aṣọ olówùú góòlù. Ní Koto Gadang, ní ọdún 1911, obìnrin kan tí ń jẹ́ Rohana Kudus dá ẹgbẹ́ Kerajinan Amai Setia sílẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ pọ̀ mọ́ ìwé kíkà àti ìṣirò. Ní ọdún 1912 ó bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn àwọn obìnrin, ìjọba sì sọ ọ́ di akọni orílẹ̀-èdè ní ọdún 2019. Ní Padang Panjang bákan náà, ní ọdún 1923, Rahmah El Yunusiyah dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ náà sì ń bẹ títí di òní. Ọmọbìnrin tí ó ní ilẹ̀ lẹ́yìn, tí ó tún ní ìwé lórí, kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

N kò lè kọjá láìmẹ́nu ba rendang. Ẹran màlúù tàbí ẹfọ̀n ni wọ́n ń gé tóbi, tí wọ́n ń fi wàrà àgbọn sè pẹ̀lú ata, àlùbọ́sà, atalẹ̀, ewé atalẹ̀ pupa àti koríko ọba. Kì í ṣe ọbẹ̀ tí a ń gbé léná kí a sì lọ sùn. Fún wákàtí púpọ̀ ni wọ́n ń rò ó lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ tán, tí òróró àgbọn yóò jáde, tí ẹran yóò sì dúdú. Bí ó bá gbẹ dáadáa, ó lè wà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìsí fíríìjì. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: oúnjẹ arìnrìn-àjò ni. Nítorí pé ọmọkùnrin kò ní yàrá nílé, àṣà wọn ni kí ó lọ wá iṣẹ́ ajé lọ́nà jíjìn, èyí tí wọ́n ń pè ní merantau. Kò sí ìlú ńlá ní Indonéṣíà tí ènìyàn kò ní rí ilé oúnjẹ Padang níbẹ̀. Mohammad Hatta, igbákejì ààrẹ àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè náà, ọmọ Bukittinggi ni.

Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin náà ti ń lọ báyìí. Wọ́n ń lọ sí yunifásítì ní Padang, wọ́n ń rí iṣẹ́ ní Jakarta, wọ́n sì ń bímọ síbẹ̀. Bí obìnrin bá lọ, ta ni yóò gbé inú ilé ńlá? Púpọ̀ nínú ilé wọ̀nyí ti ṣófo, àwọn mìíràn ti jẹrà. Àwọn tí ó kù nílé kò fẹ́ gbé àgbájọ mọ́. Ilé bíríkì kékeré ni wọ́n ń kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ńlá, fún ọkọ, aya àti ọmọ nìkan.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Owó ta ni wọ́n fi ń kọ́ ilé kékeré náà? Owó ọkọ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Orí ilẹ̀ ta ni ó dúró sí? Orí ilẹ̀ ìdílé ìyàwó. Òfin ìgbéyàwó Indonéṣíà ti ọdún 1974 sọ pé ohun tí tọkọtaya bá kó jọ lẹ́yìn ìgbéyàwó, ti àwọn méjèèjì ni, àkójọ òfin Ìsìláàmù tí ìjọba gbé jáde ní ọdún 1991 sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdajì bí wọ́n bá kọ ara wọn. Ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè ru ìdajì ilé lọ, kò sì lè ta ilé tí ó wà lórí ilẹ̀ tí kò ṣeé tà. Ọkùnrin tí ó bá ń ronú yóò wá ilẹ̀ mìíràn rà nílùú, èyí tí ìwé rẹ̀ wà lórúkọ ara rẹ̀. Báyìí ni ààbò tí ìyàwó ní ṣe lè di ohun tí ń lé owó ọkọ jìnnà sí i. Ìmọ̀ràn tí àgbà obìnrin onílàákàyè yóò fún ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ kò ju pé kí wọ́n kọ iye tí oníkálukú mú wá sílẹ̀ kí wọ́n tó da ìpìlẹ̀.

Ìṣòro kejì ni pé ilẹ̀ kì í bímọ. Oko tí ó tó fún ọmọbìnrin méjì ní ayé ìyá àgbà, ọmọ-ọmọ mẹ́wàá ni ó lè máa pín in lò lónìí. Ìṣòro kẹta ni ti obìnrin tí kò bí ọmọbìnrin. Bí ó bímọkùnrin márùn-ún, tí kò sì sí arábìnrin tí ó ní ọmọbìnrin, ìran náà ti parí nìyẹn lójú àṣà. Ilẹ̀ yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ka tí ó sún mọ́ wọn. Ojú tí wọ́n fi ń wo irú ìyá bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ojú tí a fi ń wo ìyá ọlọ́mọbìnrin nìkan ní ibi púpọ̀, n kò sì rí ohun rere nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Bí àlejò kan bá gbọ́ nípa òkè, odò àti oko ìrẹsì wọ̀nyí, tí ó sì rò pé òun yóò ra pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́ ilẹ̀ kan níbẹ̀, kí ó dákẹ́ ná. Òfin ilẹ̀ Indonéṣíà, nọ́ńbà 5 ti ọdún 1960, sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè náà nìkan ni ó lè ní ilẹ̀ ní tirẹ̀ pátápátá. Ẹ̀tọ́ lílò fún àkókò kan ni àlejò lè gbà. Òfin kan náà ni ó fún ọkùnrin àti obìnrin ní ẹ̀tọ́ ọgbọọgba láti ní ilẹ̀. Fún ilẹ̀ ìdílé Minangkabau, ọmọ orílẹ̀-èdè pàápàá kò lè rà á bí kò bá jẹ́ ti ìdílé náà. Àwọn ilé iṣẹ́ ọ̀pẹ ńlá gba ilẹ̀ àwọn nagari kan pẹ̀lú ìwé ẹ̀tọ́ ọlọ́dún púpọ̀, àwọn àgbà sì rò pé yóò padà sọ́wọ́ wọn bí ọdún bá pé. Lójú ìjọba, ilẹ̀ ìjọba ni ó ti dà. Ẹjọ́ àti ìjà lórí èyí kò tíì tán.

Ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ kò sì dákẹ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, ilẹ̀ mì tìtì ní Padang àti Pariaman, ènìyàn tí ó kú lé ní 1,100. Òkè oníná Marapi bú gbàù ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àwọn tí ń gun òkè sì kú síbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, òjò ńlá gbá eérú àti òkúta òkè náà wọ inú àwọn ìletò ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé oko ìrẹsì lọ.

Láti ọdún 2017 ni ìjọba ti ń wọn gbogbo ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà láti fún onílẹ̀ ní ìwé. Bí ọwọ́ òṣìṣẹ́ bá kan ilẹ̀ ogún àgbà, ẹbí gbọ́dọ̀ mú àkọsílẹ̀ ìran wọn wá, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ ìyá ńlá tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, kí àwọn àgbà nagari sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè yóò dé, orúkọ ta ni kí wọ́n kọ sórí ìwé? Àwọn mìíràn ń kọ ti mamak nìkan, nítorí pé ó rọrùn. Àwọn mìíràn ń kọ orúkọ púpọ̀, tọkùnrin tobìnrin. Mamak tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ nìkan ní ìyàwó, ó sì ní ọmọ ní ilé ńlá mìíràn. Bí ó bá kú, ọ́fíìsì ilẹ̀ yóò rí orúkọ bàbá kan lórí ìwé, àwọn ọmọ tirẹ̀ sì lè wá béèrè. Nítorí èyí ni àwọn obìnrin tí wọ́n kàwé nínú ẹbí fi ń jókòó nínú gbọ̀ngàn ilé ńlá báyìí nígbà tí wọ́n bá ń kọ ìwé náà, tí wọ́n ń ka orúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí àwọn ọkùnrin tó fọwọ́ sí i.